Bátìrì Bàbá Téèpù

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń nu ara ọkọ̀ tí kò rìn lọ síbì kankan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tí í ṣe, Bàbá Téèpù ni. Télọ̀ ni. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bó ń jẹun ó wà níbẹ̀, bó ń gbàdúrà ó wà níbẹ̀, àfi bó bá fẹ́ wẹ̀ ló máa ń fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ kò kéré. Aṣọ tó bá rán, bó bá tú lọ́jọ́kọ́jọ́, ọ̀fẹ́ ni yóò bá ọ tún un ṣe. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn bá ti kan aṣọ náà pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Obìnrin kan gbé kóòtù wá fún un, ó wo bọ́tìnnì kan báyìí, ó rí i pé òwú ibẹ̀ kì í ṣe òwú òun. Obìnrin náà ní òun lòun fọwọ́ ara òun rán an nígbà tó já. Bàbá Téèpù ká kóòtù náà dáadáa, ó dá a padà fún un, ó ní kó gbé e lọ fún ẹni tó rán bọ́tìnnì.

Nítorí náà, nígbà tó ra ọkọ̀ tuntun, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún un ní wáráńtì, pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, ọ̀fẹ́ làwọn yóò bá a tún un ṣe bí àjèjì kò bá ṣáà ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òfin tirẹ̀ gan-an ni, àwọn ẹlòmíràn ló kàn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé dídán. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Sípánà, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri ilé wọn, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà kí Bàbá Téèpù má wúkọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ó fẹ̀sọ̀ mú un débi pé kò fẹ́ẹ̀ gbé e jáde mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ lọ, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì kí gbogbo iná rẹ̀ lè tàn, yóò gbọ́ ìròyìn lórí rédíò rẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi dùn, yóò sì tì í pa. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé rédíò oníjókòó márùn-ún ni ọkọ òun lọ rà.

Ìyàwó yìí, Ìyá Ìbejì, ló ni ọjọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá wọn kú nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an níléèwé, òun náà ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí ojú ẹ̀gbọ́n ti ṣú. Bó bá fẹ́ dá èèyàn mọ̀, àfi kó fọwọ́ pa á lójú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú méjèèjì ni, wọ́n sì fi báńdéèjì dì wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ yìí ni wọn yóò tú u nílé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ojú àbúrò òun ni kí òun kọ́kọ́ rí. Ìyá Ìbejì ti ṣèlérí. Bàbá Téèpù fúnra rẹ̀ ló ní bọ́ọ̀sì kọ́ ni wọn yóò wọ̀ lọ sírú ibẹ̀ yẹn, ọkọ̀ òun lòun yóò fi gbé e.

Ìyá Ìbejì ti múra, ó ti jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, nígbà tí Bàbá Téèpù yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣe kẹ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ ṣe kẹ́ mọ́. Àwọn iná rẹ̀ tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo ti tán nínú rẹ̀, wọ́n sì kú.

Sípánà yọjú lórí ògiri. Ó ní bátìrì ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi wáyà fa iná sí i láti inú ọkọ̀ mìíràn, bí kò bá sì jí, kí òun gbé tuntun sí i, kò ní pẹ́ rárá. Bàbá Téèpù na ọwọ́ méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ.

"Wáráńtì wà lórí ẹ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù. Orin ni wọ́n ń kọ sí i létí, ohùn kan sì ń dá sí i pé kó ṣe sùúrù. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ìyá Ìbejì yọ orí jáde, ó bi í bóyá kí àwọn kúkú lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní rárá, díẹ̀ ló kù. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá gbé fóònù níkẹyìn, Bàbá Téèpù rojọ́ fún un láti orí dé ìdí. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní pípààrọ̀ bátìrì kò dí wáráńtì lọ́wọ́ rárá, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè ṣe é, bàbá fúnra wọn lè ṣe é, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni àtèyí tó kú, tí agbára wọn sì dọ́gba, kí wọ́n sì fi rìsíìtì rẹ̀ pamọ́.

"Ohun kan ló wà níbẹ̀, sà," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n so wáyà mọ́ wáyà. Ibi tí wọ́n bá ti gé e, ibẹ̀ ni wáráńtì ti parí."

Ó tún béèrè bóyá wọ́n máa ń wa ọkọ̀ náà dáadáa, torí pé bí èèyàn bá ń tan iná ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni bátìrì ń kú. Bàbá Téèpù bojú wo ìyàwó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé kò gbọ́.

Sípánà gbìyànjú láti fa iná sí i, kò jí. Ó wá ní kí wọ́n tú bátìrì náà kí àwọn gbé e dání lọ sílé ẹni tó ń tà á. Bàbá Téèpù kọ̀. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó wọn bátìrì náà lóòró, ó wọ̀n ọ́n níbùú, ó wọn gíga rẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ka agbára tó wà lára rẹ̀ sórí.

"Ṣé oníbàárà là ń gbé dání lọ sọ́jà ká tó ra aṣọ fún un?" ó bi Sípánà. "Ìwọ̀n là ń mú lọ."

Ó gun alùpùpù Sípánà lọ, ó sì gbé bátìrì tuntun dé, ó ń dán. Sípánà gbé e sí àyè rẹ̀, ó wọ ibẹ̀ bí ìdérí ṣe ń wọ ìkòkò. Bàbá Téèpù mi orí, ó fẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara rẹ̀. Ìgbà náà ni Sípánà fa wáyà pupa, kò dé orí bátìrì. Ó tún un fà, ó kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Orí méjì ni bátìrì ní, ọ̀kan fún wáyà pupa, ọ̀kan fún dúdú. Orí pupa ti bátìrì tó kú wà lósì, ti tuntun yìí wà lọ́tùn-ún, àyè rẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n yí i po.

Bàbá Téèpù wò ó, ó tún un wò. Òun tó mọ̀ pé ọ̀tún ni bọ́tìnnì kóòtù ọkùnrin máa ń wà, tobìnrin a sì wà lósì, tó lè dá wọn mọ̀ láti òdìkejì títì, ó wọn bátìrì lóòró, ó wọ̀n ọ́n níbùú, kò wo apá ibi tí orí rẹ̀ wà. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá ṣe irú èyí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní jẹun ọ̀sán.

Sípánà ní kò le. Kí òun gé wáyà yìí, kí òun fi òmíràn lé e, wọn a sì máa lọ báyìí báyìí. Ó ti mú ohun ìgéwáyà dání. Oòrùn ti ń gòkè lọ sí àárín orí. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì pariwo. Ó kàn ń retí ohun tí yóò sọ.

"Má gé e," Bàbá Téèpù wí. "Màá lọ pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò ní pẹ́."

Ìyá Ìbejì fi báàgì kọ́ èjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ wáráńtì o," ó ní. Ó gba ẹnu géètì jáde.

Bàbá Téèpù gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ó gbé èkejì padà sọ́dọ̀ alùpùpù. Alùpùpù ló gùn. Ó mú ara rẹ̀ lọ́kàn le pé òun yóò bá a ní ibùdókọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ní ṣọ́ọ̀bù bátìrì, oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀ tó ń fara balẹ̀ yan ohun tí yóò rà, Bàbá Téèpù sì ń fọwọ́ lọ́ téèpù ọrùn rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó pe ìyàwó rẹ̀, fóònù dún títí, kò gbé e. Nígbà tó padà dé, tí Sípánà de bátìrì mọ́lẹ̀, tí pupa wọ pupa tí dúdú wọ dúdú láìsí wáyà kan tí wọ́n gé, ọkọ̀ náà dún bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ rà á. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Kò bá ẹnì kankan ní ibùdókọ̀. Ló bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn, àwọn òpópónà tóóró tí bọ́ọ̀sì kò lè gbà, ó sá eré tí kò sá rí. Àwọn kòtò tó máa ń rọra yí po tẹ́lẹ̀, àárín wọn ló ń gbà. Nǹkan kan kàn gbì lábẹ́ ọkọ̀, kò dúró wò ó. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ó sáré wọlé, ó bojú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo orí gbogbo bẹ́ǹṣì, kò rí Ìyá Ìbejì. Fóònù rẹ̀ dún. Òun ni. Ó ní tírélà kan ṣubú dí títì, bọ́ọ̀sì àwọn kò tíì kúrò lójú kan.

"Ibo lẹ wà?" ó béèrè.

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n."

 Bàbá Téèpù ń gbọ́ èémí ìyàwó rẹ̀ títí fóònù fi kú. Ìgbà náà ló tó yé e pé òun ti sáré kọjá ìyàwó òun lọ́nà, pé òun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti mú sísọ́ọ̀sì dání. Bàbá Téèpù bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró díẹ̀, nọ́ọ̀sì ní àwọn aláìsàn mìíràn wà tí dókítà fẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó yíjú síbi tí ìró ẹsẹ̀ ti wá.

"Àbúrò mi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bọ́ọ̀sì ni àbúrò yín wọ̀, wọ́n há sọ́nà." Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbà fún un. "Èmi ni mo fà á. Wọ́n ní ká gé wáyà ọkọ̀ ká lè tètè dé, mi ò gbà. Mo rò ti ọkọ̀ ṣáájú tiyín."

Ẹ̀gbọ́n gbé ojú sókè fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gé báńdéèjì, ó ń tú u. Bàbá Téèpù yára kọjú sí ògiri, ó tún fi ọwọ́ bo ojú lórí ẹ̀, kó má baà di pé ojú òun ni wọn yóò kọ́kọ́ rí. Nọ́ọ̀sì ní kí màmá la ojú wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò là á. Ó tún un sọ, kò là á. Wọ́n pe dókítà, dókítà bi í bóyá ó ń dùn ún ni.

"Kò dùn mí," ẹ̀gbọ́n ní. "Mo ń dúró de ẹnì kan ni."

Dókítà wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo dókítà. Dókítà ní ojú tó wà ní dídì kò kúkú burú, òun yóò lọ wo àwọn yòókù ná. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Bàbá Téèpù, tó ṣì kọjú sí ògiri, tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Àna mi," ẹ̀gbọ́n wí, "ẹ yéé bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ wá jókòó."

Ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka rẹ̀ ń wá gbogbo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un láti ọdún pípẹ́ wá. Bàbá Téèpù kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo ìró bàtà tó bá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń mú un yíjú. Oòrùn tàn láti ojú fèrèsé sí ẹ̀gbọ́n lójú, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n pì pì pì, ó ń fún wọn pọ̀. Ọdún méjì nínú òkùnkùn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí nìkan ló kù, obìnrin náà sì ń fi agbára dì í mú. Ojú ti Bàbá Téèpù. Ojú tì í débi pé ó wù ú kó sáré padà lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé wáyà náà.

Ìyá Ìbejì dé pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ló fi rin ìyókù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rí báńdéèjì nílẹ̀, ó rí ọkọ rẹ̀ tó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Wọ́n ti tú u," ó ní.

"Wọ́n tú u, mi ò là á," ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Wá síwájú mi."

Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n la ojú. Ó wò ó, ó wò ó, ó fọwọ́ pa á lójú bó ṣe máa ń ṣe, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ àti ojú fẹnu kò.

"O ti dàgbà," ó ní.

Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé pé omijé kò dára fún ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ̀gbọ́n sì dá a lóhùn pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Bàbá Téèpù ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ẹ̀yìn. Ìjókòó iwájú ṣófo. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn, Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n pa á, ó pa á. Ẹ̀gbọ́n ń wo ìta, ó ń dárúkọ gbogbo ohun tó bá rí: igi, àkàbà, ajá, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Nígbà tí wọ́n dé oríta ilé, ó ní kò tíì tó òun, ṣé wọn ò lè máa rìn lọ díẹ̀ sí i. Bàbá Téèpù kò bi í ibi tí wọ́n ń lọ. Ó kọjá oríta. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, òun tí kì í gbé ọkọ̀ jáde láìnídìí, ó ń wá títì tí wọn kò tíì gbà. Ó pẹ́ kí ọwọ́ kan tó kàn án léjìká láti ẹ̀yìn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ yà sí ọ̀tún," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí odò."

Ó yà sí ọ̀tún. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára. Nǹkan kan tún kàn gbì lábẹ́ ọkọ̀, Bàbá Téèpù gbọ́ ọ dáadáa, ó sì ń wà á lọ.