Kí Ni Àmúdàtù Ń Fọwọ́ Sọ?

Fàsásì káfíńtà mọ̀ pé Àmúdàtù kì í gbọ́ràn kó tó fẹ́ ẹ. Ibà ló di í létí ní kékeré, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì bá a lọ. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé ní Mushin, tọkọtaya náà ní àmì tiwọn: àmì oúnjẹ, àmì omi, àmì pé ìyá ọkọ ń bọ̀. Àmì wọ̀nyí ò ju ohun tí wọ́n fi ń gbélé lọ, ṣùgbọ́n Fàsásì gbà pé ó tó.

Ní ọdún 1978, àwọn mẹ́ta kan wọ àgbàlá wọn. Àǹtí Ọláìtán jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, Màdáàmù Caroline wá láti ẹgbẹ́ aláàánú kan, Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé sì ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní yunifásítì yóò máa kọ́ àwọn adití ní èdè ọwọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìjọba ìbílẹ̀ yóò yọ̀ǹda gbọ̀ngàn, ẹgbẹ́ aláàánú yóò sì pèsè oúnjẹ ọ̀sán.

"Kí lẹ máa gbà lọ́wọ́ wa?" Fàsásì béèrè.

"A ò gba nǹkan kan, sà," ni Màdáàmù Caroline fèsì.

Ìdáhùn yẹn gan-an ló kó o lọ́kàn sókè. Kí ló pa yunifásítì, ìjọba àti àwọn aláàánú pọ̀ lórí ìyàwó káfíńtà?

Yẹ̀kínnì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, dúró kí àwọn àlejò lọ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o. Wọ́n lè fẹ́ sọ àwọn adití di Kìrìsìtẹ́nì. Tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mọ ilé àwọn adití ni, kí wọ́n lè rí wọn kó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń palẹ̀ àwọn alágbe mọ́ ní títì."

"Ìyàwó mi kì í ṣe alágbe."

"Ṣé wọ́n á dúró bi í ni?"

Ṣùgbọ́n Àmúdàtù ti rí bí Àǹtí Ọláìtán ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí i. Kò yé e, síbẹ̀ kò lè mójú kúrò. Nígbà tí Sátidé dé, ó ti wọ ìborùn kí ọkọ rẹ̀ tó jí.

Láàárín oṣù díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yí padà. Ọ̀rẹ́ tuntun kan, Àṣàkẹ́, adití bíi tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ wọn á máa fò sókè sódò, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bí Fàsásì bá yọ, ọwọ́ á sọ̀ kalẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń sọ. Àmúdàtù ṣe àmì omi fún un. Fàsásì mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ omi rẹ́rìn-ín báyẹn?

Ní Sátidé kan, ó tẹ̀ lé e. Láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn, ó rí i tó kọjú sí ọkùnrin kan, tí ọkùnrin náà ń na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀, tí Àmúdàtù sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó já wọlé. "Ta lọkùnrin yìí?"

Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀ àfi àwọn mẹ́ta tó wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn yòókù ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kejì, ojú sì tì í.

"Télọ̀ ni, Ojúwòyè ló ń gbé," Àǹtí Ọláìtán sọ. "Ẹ jókòó, sà."

"Ẹ túmọ̀ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ fún mi."

"Ẹ bi ìyàwó yín fúnra yín."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé dá sí i. "Àǹtí, ọkọ rẹ̀ ni. Ìjọba ò fẹ́ wàhálà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ sọ fún un."

"Àbí kẹ́ ẹ kàn sọ díẹ̀ fún un?" Màdáàmù Caroline bẹ̀ ẹ́.

"Rárá," Àǹtí Ọláìtán sọ. "Tí a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún ẹni tó bá fìbínú wọlé, kò ní sí ẹni tó máa wá mọ́."

Fàsásì jáde. Ó dá a lójú wàyí pé wọ́n ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ní Sátidé kejì, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ní òun náà fẹ́ kọ́ èdè ọwọ́. Ńṣe ló fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń fi pamọ́. Àmúdàtù kò wẹ̀yìn wò. Ìka káfíńtà le, kò tètè ká, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ bó ṣe gbọ́ èdè náà tó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fá pákó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àṣàkẹ́ dé. Fàsásì tẹrí ba bí ẹni tí kò wo nǹkan kan, ó ń yọ́ wọn wò.

Àṣàkẹ́ fọwọ́ béèrè pé, "Kí ni ọkọ rẹ ń wá ní kíláàsì?"

"Ó ń ṣọ́ mi," Àmúdàtù dáhùn. "Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò bi mí rí pé kí ni mò ń rò."

Fàsásì dúró. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló ti ń retí, tàbí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ìfági sílẹ̀, ó rìn lọ bá wọn, ọwọ́ àwọn obìnrin náà sì sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé tirẹ̀ sókè, ó ṣì í ṣe, ó tún un ṣe: "Kí lò ń rò?"

Àmúdàtù wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Àṣàkẹ́ dìde, ó kó sálúbàtà rẹ̀, ó lọ. Àmúdàtù ṣì ń fura, ṣùgbọ́n ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, láti orí ọmọbìnrin tí wọ́n bí, tí wọ́n sì sin ní ọdún kejì ìgbéyàwó wọn. Àmì mélòó kan kò yé Fàsásì. Ó ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.