Lábẹ́ Orógùn Omi Kíkan

Orógùn náà wà lókè. Ó wà lókè orí mi, nínú ọwọ́ ìyá rẹ, ó sì ń kán sílẹ̀.

Wò ó bí ó ti rí, Àrẹ̀mú, ọkọ mi. Igi apá ni, ó gùn tó apá ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Oòrùn ti yọ lẹ́yìn àpáta Ìgbẹ́tì. Ó tàn sí igi náà lára, omi ara rẹ̀ ń dán bí ojú idà. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìwọ wà ní Ṣakí lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ, ní ọjọ́ kẹfà tí o gbé mi wọlé.

Igi yìí ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó bà mí ní èjìká òsì, ó dún gbì bí èso osè tí ó já lulẹ̀. N kò ké. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í ké lábẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ. Ìyá tí ó bí mi ni ó wí bẹ́ẹ̀. Òun kan náà ni ó wí ohun tí ó kó mi sábẹ́ igi yìí.

Ó wí pé kí oòrùn tó yọ, kí ìyàwó tuntun ti fọ gbogbo ìkòkò ilé. Mo fọ ìkòkò ọbẹ̀. Mo fọ ìkòkò ẹ̀kọ. Mo dé ìdí ìkòkò kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a fi awo dé, mo ṣí i, òórùn kíkan rọ́ lu imú mi. Mo ní omi ògì yìí ti bàjẹ́. Ìyá ń dàgbà, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé e, mo dà á sídìí ìbẹ́pẹ. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ ìkòkò náà, mo fi kànrìnkàn ha á, mo fi eérú ha á, mo da omi híhó sí i. Mo dojú rẹ̀ dé. Ó mọ́ tónítóní. Mo dúró tì í, mo ń retí ìyìn.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi, Àrẹ̀mú. Ìwọ náà kò sọ fún mi.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni omi yẹn fi wà láàyè. Ìyá tí ó bí ìyá rẹ ni ó bù ú fún wọn sínú kèrègbè lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé e láti Kìṣí wá sí Ìgbẹ́tì. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò kò gbẹ. Bí Ìyá bá bu omi, wọ́n á fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n á da omi ògì tuntun lé e. Àgbà omi á sì kọ́ ọmọdé omi bí a ti ń kan.

Àgbàdo yòówù tí a bá rẹ yóò kan, ìyẹn kò ṣòro. Ṣùgbọ́n kíkan ju kíkan lọ. Àwọn tí inú ń run ládùúgbò mọ ìyàtọ̀: ife kan láàárọ̀ kí wọ́n tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Òun ni Ìyá fi ń rẹ èèpo ọ̀gànwó fún àgbo, òun ni wọ́n fi ń rẹ egbò orin ata, òun ni wọ́n fi já ìwọ gan-an lẹ́nu ọmú.

Má rò pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń ṣe àgbo nílé yìí. Àdá ni wọ́n fi ń bó ọ̀gànwó láàyè. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń hú egbò, tí ilẹ̀ á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí a yọ eyín rẹ̀. Wọ́n ń fún ewúro lọ́rùn títí yóò fi pọ ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ ewé. Wọ́n ń gún atalẹ̀. Wọ́n ń fọ́ orógbó lórí. Gbogbo ìlera tí ó ti ilé yìí jáde, inú ìjà ni a ti bí i. Èmi ni kò mọ̀ pé ìjà náà lè kàn mí.

Aago méje ni Ìyá jáde. Wọ́n tú orógùn kúrò nínú ewé eéran tútù tí wọ́n fi ń wé e mọ́jú, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ó gbẹ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ lọ ro omi. Wọ́n bá ìkòkò ní ìdojúdé. Wọ́n gbé e, wọ́n gbóòórùn inú rẹ̀: ọṣẹ. Wọ́n fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò: ọṣẹ. Wọ́n bi mí pé omi dà. Mo na ìka sí ìdí ìbẹ́pẹ. Adìyẹ méjì ń fi ẹsẹ̀ tan ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá kò ké. Ìkòkò ni ó ké. Wọ́n là á mọ́ ògiri, ó fọ́ yángá, àpáàdì kan fò, ó ṣá mi lójúgun. Ẹ̀jẹ̀ ya. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àpáàdì. Orógùn bà mí léjìká. Orógùn tún gbéra.

Ibẹ̀ ni a wà. Ibẹ̀ ni ayé dúró sí.

Mo ń wo ọwọ́ wọn. Iṣan rẹ̀ yọ bí gbòǹgbò ọdán. Mo ń wo ojú wọn. Ojú náà kò wò mí. Kìṣí ni ó ń wò. Wọ́n ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé mo pa ìyá àwọn. Pé ohun tí ó kù lára ìyá àwọn láyé nìyẹn. Pé ọṣẹ ni mo fi pa á.

Orí kan yọ lókè ògiri. Ìyá Ráfátù ni, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, tí ilé wọn kan tiwa. “Àwẹ̀ró, rọra o. Bí o bá pa á, ta ni yóò máa lọ ògì fún ọ? Tí o bá sì máa nà án náà, yẹ orí sílẹ̀. Olùkọ́ ni ọkọ ẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ á pọ̀.”

Orógùn náà mì. Omi ara rẹ̀ ṣara jọ sí ẹnu igi, ó wúwo, ó fà, ó já.

Ó kán. Ó kàn mí létè. Ó kan.

Ahọ́n mi ti lá a kí n tó rò ó. Kíkan náà gba eyín mi, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fa ojú mi pọ̀. Kíkan tí mo dà sídìí ìbẹ́pẹ nìyí. Kò tíì kú tán. Ó ti lúgọ sínú ihò wẹ́wẹ́ ara igi láti ọdún mọ́kànlélógójì, níbi tí ọṣẹ mi kò dé.

Mo la ẹnu. Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Mo ní: Ìyá, ó kan.

Wọn kò gbọ́. Orógùn ń bọ̀.

Mo tún un wí. Mo ní: Ìyá, orógùn yín kan. Mi ò fọ orógùn.

Ó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń la afẹ́fẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá pẹ̀lú gbogbo agbára tí ó fi gbéra, ó sì wọ inú báàfù omi ògì tí mo sẹ́ ní ìdájí, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Omi ta sókè. Omi ta sí mi lójú, omi ta sí Ìyá láyà. Wọ́n wó lulẹ̀ sórí orúnkún wọn. Wọ́n já ọwọ́ mi gbà bí ẹni tí ń já ewé, wọ́n fi lé igi, wọ́n fi tiwọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí eegun ìka mi fi dún. Wọ́n ní kí n rò ó. Wọ́n ní bí mo bá dáwọ́ dúró, àwọn yóò parí ohun tí àwọn bẹ̀rẹ̀.

Mo ń rò. Èjìká mi ń jó, ojúgun mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ń rò.

Ewé imí-eṣú hù lẹ́bàá ògiri. Ìyá fi ọwọ́ kejì já a, wọ́n rún un lẹ́nu, wọ́n tu ú sọ́wọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ mi bí ẹni tí ń di ẹnu ọ̀tá. Ó ta mí ju igi lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Wọn kò bẹ̀ mí. Èmi náà kò rí ẹ̀bẹ̀ tí ó tó bẹ̀ wọ́n.

A kò tíì mọ̀ bóyá omi kíkan náà yóò jí. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ó fi mọ̀. Bí o bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ yóò rí àpá léjìká mi, ìwọ yóò rí àpá lójúgun mi, ìwọ yóò sì fẹ́ bèèrè. Kí o tó bèèrè, bu ife kan nínú báàfù. Òun ni a fi já ọ lẹ́nu ọmú. Ahọ́n rẹ mọ̀ ọ́n. Tọ́ ọ wò, kí o sì wí fún àwa méjèèjì.

Orógùn náà wà nísàlẹ̀. Ó wà nínú ọwọ́ mi, lábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ. Mo gbé e sókè díẹ̀. Ó ń kán sílẹ̀.