Abẹ́rẹ́ Tó Ń Wá Abẹ́rẹ́

Bàbá Onírinṣẹ́ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan, ó ń fi òòfà ra á láti ojú dé ẹnu, nígbà ogójì. Ẹni tó bá ń fi í lọ, tó ń fi í bọ̀, ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni òòfà ń gbà wọ irin. Ó fi òwú so ó láàárín, ó gbé e dání. Abẹ́rẹ́ náà yí díẹ̀, ó kọjú sí àríwá, ó dúró.

"Bàbá, a ti pẹ́," ni dókítà tó ń ṣe ìwádìí nílé ìwòsàn wí. "Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń wá irin lára èèyàn ti kú láti àná, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ti fọwọ́ síwèé pé kò sí irin lára àwọn."

Lẹ́yìn ògiri, òòfà ńlá tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn ń dún kù, kù, kù. Kì í sùn. Irin tó bá wà nínú ẹran ara, á fà á rìn. Oṣù mẹ́ta ni àyà ti ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ti lè rí ìdí rẹ̀.

"Àbúrò, ṣé ẹja lo fẹ́ fi ìyẹn pa?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. Aránṣọ ni wọ́n, ẹnu wọn kì í dákẹ́.

"Ẹ má mira, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé e kọjá iwájú orí wọn: àríwá. Ọrùn: àríwá. Nígbà tó dé àyà òsì, abẹ́rẹ́ náà yíjú pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì: ó mì, ó dúró, ó tún mì. Dókítà di ọrùn ọwọ́ ìyá náà mú, ó fetí sí ìlù iṣan. Ìmì abẹ́rẹ́ àti ìlù náà ń bára wọn mu.

"Màmá, kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí irin kankan." Wọ́n ronú. "Àyà aṣọ mi ni mo máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣubú lu máṣíìnì, ó ta mí ṣín-ín, ọ̀kan sì sọnù. Mo gbálẹ̀ títí, n ò rí i."

"Ẹ ò sì sọ!"

"Irin lẹ kọ síwèé! Ta ló ń pe abẹ́rẹ́ ní irin?"

Kù, kù, kù. Ẹ̀gbọ́n wojú ògiri, ohùn wọn rẹlẹ̀.

"Àtàárọ̀ ló ti ń ṣe mí bíi kí n dìde lọ bá a."

Bàbá Onírinṣẹ́ di ejìká wọn mú, ó sì mú wọn jáde.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ti dúdú, ó gùn tó oríkèé ìka méjì, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ ọkàn. Ìrora náà lọ. Dókítà pa "irin" rẹ́ nínú ìwé, ó kọ abẹ́rẹ́, ìṣó, ọta ìbọn àti èérún irin síbẹ̀. Wọ́n gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá òòfà náà fún Bàbá Onírinṣẹ́, tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Títí dòní, ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀gá àgbà, kì í wọlé àfi bí Bàbá bá mi orí pé ó dáa.

Nínú ọgbọ̀n èèyàn àkọ́kọ́ tó yẹ̀ wò, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti yíjú sí ẹni méjì.