Róòsì Ngúrù Nínú Òjò

Ó tún ti gbé garawa. Òjò rèé tó ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí Ìjẹ̀bú-Òde, oṣù Keje la wà, ilẹ̀ ti rin gbindingbindin láti àná… Bàbá Bọ́lánlé, ọkọ mi, ń bomi rin òdòdó. Garawa kẹrin. Àbí karùn-ún ni?

Kí Mùínátù aládùúgbò má yọjú o. Lánàá ló bi mí pé, "Màmá, ṣé Bàbá ń bá òjò du iṣẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú róòsì nìyẹn. Irọ́ ni — rárá, kì í ṣe irọ́. Ní Ngúrù ni, lókè Ọya lẹ́bàá aṣálẹ̀, níbi tí ọkọ mi ti ṣe akọ̀wé rélùwéè nígbà ọ̀dọ́: àtíbàbà lórí nítorí oòrùn, erùpẹ̀ yíká ìdí bí etí àwo kí omi má sá lọ. Ọgbọ́n gidi ni, níbẹ̀. Níhìn-ín, omi ló ń pa wọ́n. Ewé wọn ti pọ́n.

Bó bá ti sùn lọ́sàn-án, mo máa ń yọ́ jáde. Mo máa ń fi ọkọ́ ya erùpẹ̀ yẹn kí omi rọ́nà lọ, mo máa ń tú àtíbàbà, kó imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kejì á tún un kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé…

Nítorí Bọ́lánlé ni. Ọmọ wa ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé. Nọ́ọ̀sì ni, ta ló máa tàn án jẹ? Ó ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà: "Mọ́mì, tí nǹkan bá ń ṣe Dádì, ẹ má fi pamọ́ fún mi." Á gbé e lọ. Á wá ku èmi nìkan nínú ilé ńlá yìí, pẹ̀lú… Ta ni mò ń tàn? Kì í ṣe Bọ́lánlé ni mò ń bẹ̀rù.

Òun ni. Ọkọ mi láti ọdún márùndínlógójì ni mò ń bẹ̀rù. Láàárọ̀ yìí tó mú àdá lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, tó yíjú, tó wò mí — mo fà sẹ́yìn. Kì í ṣe nítorí àdá. Ojú yẹn ni. Ojú téèyàn fi ń wo ẹni tó wá béèrè ọ̀nà.

Ohun tó sì sọ… Má rò ó. Lọ rin ewùrà, ìkókórẹ́ ló fẹ́ jẹ.

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹni tó ń tú àtíbàbà mi. Ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. Kò rí irú ilẹ̀ gbígbẹ báyìí rí, ẹ̀rù á bà á. Mo fẹ́ kó bá òdòdó kan lójúde."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni. Ìyàwó wo? …Ìyàwó wo?

1951. Ìbàdàn ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ọkọ mi. Ọmọ ogún ọdún, yanrìn kún eyín mi, ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ padà. Igi róòsì kan wà lójúde ilé rẹ̀ ní Ngúrù, ó ti gbẹ. N kò béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Òun náà kò sọ.

Èmi ni.

Èmi ló ń gbìn ín dè. Ó ń kọ́ ibòji kí n lè bá òdòdó, èmi náà ni mò ń tú u. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó ń wo ẹnu géètì, ó ń retí mi. Mo sì wà lójú fèrèsé níbí, n kò mọ ọ̀nà tí mo máa gbà dé.