Èyí Tó Wà ní Sakété

Ọwọ́ òsì ni Bonaventure fi gbá ẹ̀rọ orin náà dànù lórí àpótí ìjókòó. Ẹ̀rọ balẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí, àwo orin fò jáde, ó yí gbirigbiri títí ó fi lọ forí sọ ẹsẹ̀ ògiri.

"Kì í ṣe èyí náà?" Félicité, ìyàwó rẹ̀, bi í.

Bonaventure kò lè dáhùn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n sì ti di ẹrù sí i lẹ́nu. Ó kàn ń wo obìnrin náà ni, itọ́ ń dà létí ètè rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Félicité wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nu itọ́, ó gbé ẹ̀rọ, ó mú àwo. "Ṣebí orin kan náà ni gbogbo wọn. Kí ni mo wá ṣe tí kò dáa?"

Orin kan náà ni lóòótọ́. Ará Jámánì kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ló kọ ọ́, simfóní mẹ́sàn-án, àwọn orin gígùn tí ogunlọ́gọ̀ onífèrè àti onígòjé máa ń jókòó lù pa pọ̀. Ìgbà tí Bonaventure ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òyìnbó kan tó wá ṣe ìwádìí níbẹ̀ a máa gbọ́ ọ lọ́sàn-án, Bonaventure a sì dúró sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ tòun ti agbọ̀n irúgbìn lọ́wọ́. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, ó fi àpótí pupa kan ta á lọ́rẹ, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà nínú rẹ̀. Bí àlejò tí kì í lọ ṣe wọ ilé Félicité nìyẹn. Jámánì ni wọ́n ń pè é nínú ilé, àfi bí ẹni pé ara ẹbí ni.

Àpótí mẹ́ta ló wà nílé báyìí. Pupa ti òyìnbó wà. Funfun tí Chancelle, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Kútọnu, rà fún bàbá rẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì wà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Bonaventure fúnra rẹ̀ rà ní Àjàṣẹ́, tí àwòrán ọkùnrin kan tó dijú bí ẹni tí eyín ń dùn wà lára rẹ̀. Félicité ti bi í rí, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, pé kí lèèyàn ń fi orin kan náà ṣe lọ́nà mẹ́ta.

"Àdúrà kan náà ni gbogbo ìjọ ń gbà," ni Bonaventure fèsì, "ṣùgbọ́n ṣé ohùn gbogbo wọn dọ́gba?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí orin rẹ̀. Kò pè é kó wá jókòó.

Prudence, kiné tó ń wá láti ilé ìwòsàn wá na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn, ló dá ọ̀rọ̀ àpótí sílẹ̀. "Màmá, ẹ yan ọ̀kan nínú wọn," ni ọmọbìnrin náà wí. "Èyí tí bàbá fẹ́ràn jù. Òun nìkan ni kí ẹ máa fi sí i tí wọ́n bá ń na ìka. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ọkàn wọn á máa dàrú. Ohun tó bá mọ́ wọn lára jù ni yóò pè wọ́n padà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn yìí há Félicité lọ́fun bí egungun ẹja. Ó mọ ìwọ̀n iyọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ. Ó mọ ìhà tó máa ń fi sùn, ó mọ ikọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Èyí tí wọ́n bi í gan-an ni kò mọ̀. Ó fi pupa sí i, Bonaventure kọjú sógiri. Ó fi funfun sí i, ọkùnrin náà ń kùn bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ti Àjàṣẹ́ ló wá gbá mọ́lẹ̀ yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Jérôme yà wá. Jérôme ló ń wa ọkọ̀ gbé Bonaventure kiri oko nígbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ. Onigbolo ló wà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì, eruku iṣẹ́ kì í sì í tán lẹ́wù rẹ̀. Ó jókòó ti aláìsàn, ó wo àwọn àpótí tó wà nílẹ̀, ó mi orí.

"Ìyá Chancelle, ẹ má dá ara yín lágara. Èyí tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn kò sí níbí."

"Níbo ló wà?"

Jérôme gbójú sókè. Bonaventure ti la ojú kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀: rárá, rárá.

"Mo ní níbo ló wà, Jérôme?"

"Bóyá mo ṣì í sọ ni."

"Ìwọ tí mo ń bu oúnjẹ fún nínú ilé yìí! Má sọ mí di ọmọdé lójú ọkọ mi."

Jérôme bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku orí ṣòkòtò rẹ̀, eruku tí kò tíì yọ ọ́ lẹ́nu láti àárọ̀. "Sakété ló wà," ló sọ níkẹyìn. "Lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta òwú ìránṣọ. Màrúfátù lorúkọ rẹ̀."

Yoko ló sọ sí Félicité lọ́kàn. Láti ọdún mọ́dún ni Bonaventure ti ń lọ sí Yoko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ọ̀pẹ tí àwọn àgbẹ̀ gbìn. Ó fẹ̀yìn tì, kò yéé lọ. Ọ̀pẹ wo ló wà ní Yoko tí kì í dàgbà? Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Yoko, Sakété lèèyàn ń gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi Jérôme ti ọkọ rẹ̀, ó wọ tákísí. Gbogbo èébú tó mọ̀ ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Faransé ló ń tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà. Ó ti rí obìnrin náà lójú inú: ọmọdé, abóra, ètè pupa, ìdí ńlá.

Ṣọ́ọ̀bù tí zémi, ọ̀kadà akérò, já a sí ní Sakété kò tóbi. Òwú onírúurú àwọ̀ wà lára ògiri, bọ́tìnnì wà nínú agolo. Arúgbó kan jókòó sídìí wọn, ó da ìborùn lérí, irun funfun yọ létí rẹ̀. Ó ju Félicité lọ dáadáa. "Ìwọ" tí Félicité ti pọ́n dè é láti Pobè di "ẹ̀yin" mọ́ ọn lẹ́nu, ohun tó sì kọ́kọ́ dùn ún nìyẹn.

"Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Màrúfátù?"

"Èmi ni. Òwú lẹ fẹ́ ni?"

"Ìyàwó Bonaventure ni mí."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró nínú agolo. "Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni."

"Alihamudulilai." Ó mí kanlẹ̀. "Mo pe fóònù rẹ̀ títí. N kò mọ ẹni tí mo lè bi. Ẹ jókòó, ìyálé mi."

"Ẹ má pè mí ní ìyálé! N kì í ṣe ìyálé ẹnì kankan. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gba òrùka."

"Ẹ má bínú. N kò mọ orúkọ míì tí mo lè pè yín tí kò ní dà bí èébú."

Félicité jókòó. Ó ṣàlàyé ohun tó gbé e wá, ó sọ ti kiné, ó sọ ti àpótí mẹ́ta. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ nílé orogún.

"Ọwọ́ wo ló kú?" ni Màrúfátù bi í.

"Ọ̀tún."

"Háà. Ọwọ́ tó fi ń darí orin."

Félicité kò rí ọkọ rẹ̀ kó darí orin rí. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé ó máa ń sùn níbí?"

"N kò ní purọ́ fún yín. Nígbà kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ti pẹ́. Nígbà tí àgbà dé sí wa lára, orin nìkan ló ń wá gbọ́. Á gbọ́ ọ, á sọ̀rọ̀, á sunkún, á máa lọ."

"Á sunkún?"

"Níbi tó ti ń fà díẹ̀díẹ̀ nínú simfóní ìkeje. Ọkàn rẹ̀ kì í gba ibẹ̀."

"Ọkọ mi kì í sunkún."

Màrúfátù wò ó tàánútàánú, Félicité ì bá sì fẹ́ kó gbá òun létí ju kó wo òun bẹ́ẹ̀ lọ. "Dúrótìmí ló ń sunkún rẹ̀," ni arúgbó náà wí.

Dúrótìmí ni àkọ́bí wọn. Ibà ló pa á nígbà tó ń kọ́ àtisọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Bonaventure ká ẹní ọmọ, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹkún tó gẹ́ẹ́, kò sì dárúkọ ọmọ náà mọ́. Bí Félicité bá dá a sọ, á dìde, á lọ yí ohùn Jámánì sókè. Olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ni Félicité. Nínú ọmọ olọ́mọ ló ti ń gbé ẹkún rẹ̀ mì, ó ń kọ́ wọn ní "bà, bè, bì" tòun ti omijé lójú. Ó gbà pé òkúta ni wọ́n fi dá àyà ọkọ òun. Ó tiẹ̀ ti dárí òkúta jì í. Àṣé omi wà níbẹ̀, Sakété ló ń gbé e lọ dà sí.

"Kí ló máa ń sọ nípa rẹ̀?" ni Félicité bi í.

"Ó ní ọmọ náà máa ń gbé ẹsẹ̀ bàtà òun kan pamọ́ láàárọ̀, kí òun má bàa rí bàtà wọ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Inú ìkòkò ìyẹ̀fun ló máa ń gbé e sí. Félicité ti rò pé òun nìkan ṣoṣo láyé ló ṣì rántí bàtà yẹn.

Màrúfátù wọlé, ó gbé àpótí aláró kan jáde, wọ́n ti fi téèpù lẹ etí rẹ̀. "Níwájú èrò ni wọ́n ti lu eléyìí," ló ní. "Ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́ láàárín wọn. Ikọ́ yẹn gan-an ló fẹ́ràn. Ó ní àwọn yòókù ti mọ́ jù, wọ́n dà bí ilé tí kò sí ọmọdé."

Félicité dìde. Ó wá èébú kan nínú gbogbo èyí tó gbé wá, kò rí èyí tó bá obìnrin yìí mu. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹkún rẹ̀," ló sọ, "ṣé ẹ ó wá máa fọ ìdí rẹ̀ náà?"

"Tẹ́ ẹ bá yọ̀ǹda fún mi, n ó wá."

Kò retí ìyẹn. Ó gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé Pobè. Ó ní kí Jérôme máa lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ìkeje sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó kan ibi tó ń fà, ara Bonaventure dẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fẹ́ tọ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí Prudence ti ń nà láti ìgbà yìí wá láìrí ohun kan, gbéra lórí aṣọ ìbusùn, ó lọ sápá òsì, ó lọ sápá ọ̀tún, díẹ̀ báyìí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

Ó yíjú láti wo ẹni tó ṣe é lóore. Ojú rẹ̀ bá àpótí aláró lọ́wọ́ Félicité. Ìka rẹ̀ dúró.

"Mo dé Sakété," ni Félicité wí. "Mo rí i. Ó kí ọ."

Ẹnì kan húkọ́ nínú orin. Félicité na ọwọ́, ó pa á.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bá Bonaventure lójijì. Ó kérora, ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Félicité ti gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀, eékún rẹ̀ kan ibùsùn, bó ṣe ń jókòó síwájú ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Dúrótìmí," ló pè é.

Ọkùnrin náà dijú.

"La ojú rẹ. Wo ẹnu mi." Ó sú ètè jọ. "Dú."

Ètè Bonaventure gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde.

"Kì í ṣe omi ni wàá kọ́kọ́ sọ nínú ilé yìí. Kì í ṣe oúnjẹ. Kì í sì í ṣe orúkọ tèmi. Dú."

"Uu."

"Rárá. Fi ahọ́n kan eyín. Dú."

Omijé àti itọ́ ti pàdé ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ń kán sí i láyà. Félicité rí i, kò sì nù ún. Ó gbé àpótí aláró lé itan, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lé e lórí.

"Orin wà níbí," ló sọ fún un jẹ́jẹ́. "Kò lọ síbì kankan. Èmi náà kò lọ síbì kankan."

Ó sì ń dúró dè é.