Aṣọ tí Mo Fi Dí Ọkọ̀

Èmi nìkan ni mò ń wa ọkọ̀ mi. Wọ́n ní obìnrin kì í dá tu ọkọ̀ ìgbòkun ní erékùṣù Pate. Mo ní kí ẹni tó bá dá lójú wá gba okùn lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó wá.

Lọ́jọ́ náà, mo ju ìdákọ̀ró sí etí erékùṣù Kiwayu. Omi fà, ọkọ̀ jókòó sórí iyanrìn. Mo gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, mo sá ìgbòkun, mo ha ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àlàfo láàrin pákó méjì. Òwú àti òróró àgbọn la fi ń dí irú ẹ̀. Òróró wà, òwú ti tán.

Mo bá gun òkè iyanrìn, kí n wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibojì àtijọ́ kan ni, lábẹ́ igi oṣè, aṣọ ẹ̀jẹ́ àwọn èèyàn sì kún ẹ̀ka igi náà. Ẹni tó bá rí ohun tó tọrọ gbà nìkan ló ń padà wá tú tirẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Àmọ́ mo rí funfun kan ṣoṣo tó ti gbó, mo ní ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Irọ́ ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì kí n tó tú u. Bí kì í bá ṣe olè ni mò ń jà, kí ni mò ń wò?

Mo fà á ya, mo rẹ ẹ́ sínú òróró, mo fi òòlù gbá a wọ àlàfo. Ó dí pinpin.

Mi ò tíì nu ọwọ́ tán tí Bi Mwanamize, arúgbó tó máa ń ṣa ìgbín òkun níbẹ̀, fi dé.

"Somoe! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń tọ́jú ọkọ, ìwọ ń tọ́jú ọkọ̀."

"Màmá, tèmi kì í bú mi, kì í béèrè oúnjẹ."

"Àmọ́ ó ń jò!"

"Èwo nínú tiwọn ni kì í jò?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó bu ẹ̀gẹ́ sísè fún mi. Ó ní òun ń lọ wo aṣọ òun lórí òkè. Ọdún mẹ́rin rèé tí Shali ọmọ rẹ̀ ti wọ òkun tí kò padà.

"Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n kírun òkú fún un. Mo ní tí aṣọ funfun mi bá ṣì wà lára igi oṣè, ọmọ mi wà láyé. Ọjọ́ tó bá já, màá gbà."

Mo gbé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

Mo lè dákẹ́. Omi ti ń kún bọ̀. Tó bá tó wákàtí kan sí i, ọkọ̀ á léfòó, màá ti lọ. Bi Mwanamize dìde.

"Màmá, ẹ má gòkè. Aṣọ yín ò já. Èmi ni mo tú u. Òun ló wà nínú ọkọ̀ yìí."

Ì bá bú mi, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n fèsì sí. Kò bú mi.

"O mọ̀ pé wọn kì í tú u?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀."

Mo mú irin, mo ń yọ ọ́. Ó ń jáde ní ègé-ègé, òróró ti sọ ọ́ di dúdú. Omi dé orúnkún mi, ó sì ń gba ojú àlàfo wọlé. Bí mo ṣe ń yọ ọ́ ni arúgbó náà ń gbà á, tó ń so àwọn ègé rẹ̀ pọ̀.

"Kò já," ló ń wí, bí ẹni tó ń bá èèyàn jiyàn. "Wọ́n tú u ni. Ọ̀tọ̀ ni kó já."

"Ọ̀tọ̀ ni, Màmá."

Mi ò lè gbójú sókè. Mo tún ki irin bọ àlàfo, mo ń wá èyí tó kù, ọkọ̀ mi sì ń mumi.