Orúkọ Tó Wà Nínú Sikóòpù

Sukurudíráfà bọ́ lọ́wọ́ Raymond lẹ́ẹ̀kejì, ó sì yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Ọ̀ràn àfọwọ́fà ni, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ayé sọ́jà là ń wí yìí, wọ́n sì ń wá àwọn tó ń fi rédíò ìkọ̀kọ̀ bú wọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Bùkọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Raymond, tí Raymond fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Olówógbowó, wà lára àwọn tó ń bú wọn yìí. Lóṣù tó kọjá ló gbé ẹ̀rọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù pé, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kò dún dáadáa."

Raymond fi sikóòpù wò ó, ẹ̀rọ tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń rí bí iná ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Sikóòpù yìí lè fi ohun tó bá rí pa mọ́, kò sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á rẹ́. Àṣà Raymond sì ni kó máa kọ orúkọ oníbàárà sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí télọ̀ ṣe ń kọ ọ́ sára aṣọ tó gé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹ orúkọ Bùkọ́lá sínú rẹ̀, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀! Àgbàlagbà tó ti fi ogún ọdún tú rédíò!

Alhaji Kàsímù tó ni ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmàgbò ló ni sikóòpù náà. Láàárọ̀ yìí ló wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Raymond, mo ti ta sikóòpù o. Àwọn sọ́jà ni, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wá àwọn onírédíò ìkọ̀kọ̀ yẹn. Ọ̀gá wọn ń bọ̀ kí n tó kírun ọ̀sán. Bá mi nù ún kó mọ́."

Bí Alhaji ṣe jáde ni Raymond pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Orúkọ náà tún yọjú. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, ó dúró títí, ó tún tàn án. Bùkọ́lá ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni Raymond tó rántí pé bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí kì í jẹ́ kó gbàgbé, òjé ni wọ́n sì fi jó o mọ́ ibẹ̀.

Ó tún fa wáyà yọ, ó mú sukurudíráfà nílẹ̀, ó tú ìdérí, ó sì fi píláyà gé bátìrì náà kúrò. Nígbà tó fi dé e padà, tó sì tàn án, ojú ẹ̀rọ mọ́ fo. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. "Jésù, o ṣeun," ló sọ, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Kò tíì nu ojú tán tí Alhaji fi wọlé pẹ̀lú ọ̀gá sọ́jà. Ọ̀gá náà tẹ bọ́tìnnì kan, ó tún òmíràn tẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wá wò ó, orúkọ méje ló wà níbí. Mi ò wo ohun tí wọ́n kọ, iye wọn ni mo mọ̀. Ta ló pa wọ́n rẹ́?"

"Ọ̀gá, bóyá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ni," ni Alhaji wí.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀." Ó yọ bíírò àti ìwé, ó kọjú sí Raymond. "Technician, oya, call the names. Seven."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Raymond dárúkọ Fàtáì, Memunat, Jíbrílù, Ganiat, Philip àti Patience. Tẹlifísàn ilé àti rédíò ilé ni tiwọn, kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá náà ka èyí tó kọ.

"E remain one."

Bí Raymond bá hùmọ̀ orúkọ kan, ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n máa lọ gbé. Ó wo Alhaji, Alhaji ń wo ilẹ̀.

"Èyí tó kù, tèmi ni, sà," ló sọ. "Raymond."

Ọ̀gá náà kọ ọ́, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. "Rédíò wo lo ń tún ṣe fún ara ẹ, tó o fi ní láti pa á rẹ́?"

Raymond jókòó. Ọ̀gá náà ní kó dìde, kó wọ bàtà rẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà, kò sì dárúkọ ọmọ náà.